Mummy, Ohun Tí Mò Ń Wá Lọ Sí Ilé Màsáàjì Nìyí

Mummy mi àtàtà, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ṣọ́ọ̀bù, ẹ kú òjò tó ń mú kí omi Agboyi máa yọjú sí títì. Ẹ sì kú ìbínú, torí mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń bínú sí mi. Mo kí Daddy níbi tí wọ́n wà láàárín irin àti ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Owódé Onírin. Mo kí Fẹ́mi àbúrò mi, ẹni tó ń yọ́ ìròyìn ilé sọ sí mi létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ bá a jà. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìkòsí Ketu, láti yàrá iwájú títí dé ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà ọmọ yín. Mo pè títí, ẹ ò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù yín, Fẹ́mi ní ẹ pa á rẹ́ láì tẹ́tí sí i. Ìwé ìròyìn yìí nìkan ló kù tí ẹ ò lè pa rẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń tẹ́ ẹ sórí kántà láàárọ̀ kí oníbàárà tó dé, ẹ ó sì máa kà á sókè fún aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́, gbangba náà ni màá ti ro tẹnu mi. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Tótó, ó ṣe bí òwe o.

Fẹ́mi ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún mi. Ó ní Mummy Ìbejì, tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló gbé fọ́tò mi hàn yín: èmi rèé, mo dúró níwájú ilé kan ní Thailand, mo fi eyín síta, àkọlé ilé màsáàjì gàdàgbà lókè orí mi. Ó ní wọ́n sọ fún yín pé Títílayọ̀ tó ní òun lọ ṣe tíṣà, iṣẹ́ màsáàjì ló lọ ń ṣe. Ó ní nígbà tó di ìpàdé ọjọ́ Wẹ́sìdeè, wọ́n gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa obìnrin tó ti ṣìnà lókèèrè, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ yín. Háà! Mummy Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ àdúrà. Àdúrà tó ní àdírẹ́sì!

Mummy, mi ò bá yín jà. Ketu lèmi náà dàgbà sí, mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ ní Lagos: kọ́tìnnì dúdú, iná pupa, àti mọ́tò tí wọ́n lọ páàkì sí àdúgbò kejì kí ará ilé má baà dá a mọ̀. Tí èmi náà bá jẹ́ ìyá tí wọ́n gbé fọ́tò yẹn wá bá, ó ṣeé ṣe kí n pariwo jù yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ fi ọgbọ́n inú yín wò ó.

Tíṣà ni mí lóòótọ́. Chiang Mai ni wọ́n ń pe ìlú tí mo wà, apá òkè ilẹ̀ Thailand ni, òkè ló yí i ká. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àga wọn kò ga ju àpótí tí ẹ fi ń jókòó rẹ́ ẹ̀fọ́ lọ, orí ẹ̀ lèmi náà sì ń kásẹ̀ jọ sí látàárọ̀. Mo ń bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà tibí, mo ń bẹ̀rẹ̀ nu imú tọ̀hún. Tó bá wá di ìgbà tí wọ́n ń dáná sun oko lẹ́yìn ìkórè, èéfín á bo gbogbo ìlú. Ó jọ ọyẹ́ lójú, àmọ́ ọyẹ́ tí kò tutù, tó ń ta ni lójú, tó ń há ni lọ́fun. A ò ní lè ṣí fèrèsé, a ò ní lè jáde ṣeré. Lásìkò yẹn ni ẹ̀yìn mi dẹ́nu iṣẹ́ kọlẹ̀. Bí mo bá fẹ́ wo ẹni tó pè mí lẹ́yìn, odindi ara mi ni màá yí bíi tírélà tó ń wọ ọjà Mile 12.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan wà, ọmọ ilẹ̀ yìí, Plọ́ì lorúkọ ẹ̀. Òun ló ní kí n lọ gba màsáàjì. Mo wò ó bíi pé ó ní kí n wá ká lọ fọ́lé. Mo ní ọmọ onígbàgbọ́ ni mí, ilé tó dáa ni mo ti wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú, ó ní ìyá àgbà tó bí ìyá òun, bí wọ́n bá ti kúrò nílé ìsìn wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà kẹ̀? Ilé màsáàjì? Ẹ mọ̀ mí, Mummy. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé bí wọ́n bá ní kí Títí má wo inú ìkòkò, imú ni yóò kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè sinmi, àfi kí n mọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ wò ó, bí ènìyàn bá dé ẹnu Mile 12 tí kò rí ata, ẹ mọ̀ pé ayé ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni màsáàjì rí níbí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ, ó wà nínú ọjà. Kò sẹ́ni tó ń bojú wọ ibẹ̀. Wọ́n á gbé pátákó owó síta gedegbe: ti ẹsẹ̀ nìkan rèé, ti gbogbo ara rèé, ti olóròóró rèé. Ẹ̀kọ́ ọjà tí ẹ kọ́ mi ni mo wá lò. Ṣebí ẹ máa ń sọ fún mi pé kí n má ra ata ẹnu ọ̀nà, owó àlejò ló wà lórí ẹ̀. Kí n wọnú lọ síbi tí àwọn tó ń tà á fúnra wọn ti ń rà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo kọ́kọ́ lọ bèèrè ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí odò. Owó tí wọ́n dá lé wákàtí kan, mo lè fi jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan kí n sì tún ra ọsàn. Mo kí wọn pé ó dàárọ̀. Mo bọ́ sójú títì tí àwọn òyìnbó ń rìn, ó dín sí i. Mo wá wọ kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọjà ẹ̀fọ́, níbi tí àwọn alẹ́fọ̀ọ́ ń wọ̀ sí bí wọ́n bá pàtẹ tán. Ibẹ̀ ni mo ti rí owó tó bá àpò tíṣà mu.

Ẹ gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, òun náà ni mo tún rí nínú kọ̀rọ̀ níjọ́ tí wọ́n fún un láàyè, tó ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọwọ́ kan náà! Òdòdó tó léfòó nínú àwo omi àti táwẹ̀lì funfun làwọn ti hòtẹ́ẹ̀lì ń sanwó lé lórí.

Mi ò ní purọ́ fún yín, irú èyí tí Mummy Ìbejì ní lọ́kàn wà níbí náà. Èyí tí ọmọdébìnrin bá kun ètè jókòó síta, tó ń fa ọkùnrin lápá wọlé, mi ò débẹ̀, mi ò sì ní débẹ̀. Ilé tí mò ń wá ni èyí tí gíláàsì wà níwájú ẹ̀, tí ẹni tó ń kọjá ń rí baba arúgbó tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ tó ń hanrun. Mo máa ń wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é pẹ̀lú. Bí ọwọ́ bá ti nípọn, tí irun orí sì ti ń funfun, mo mọ̀ pé mo débi tí mò ń lọ.

Ẹ dúró níbi yìí, kí ẹ gbóhùn sókè bí ẹ bá ń kà á: ènìyàn kì í bọ́ra sílẹ̀ níhòòhò. Aṣọ ni wọ́n ń fún ni wọ̀, ẹ̀wù fífẹ̀ kan àti ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ Daddy méjèèjì lè gba inú ẹsẹ̀ ẹ̀ kan. Wọ́n á wá tò yín sórí máátìrẹ́ẹ̀sì nílẹ̀, ẹ̀yin rèé, alẹ́fọ̀ọ́ rèé lápá ọ̀tún, ìyàwó ọlọ́pàá rèé lápá òsì, kálukú ń kérora tiẹ̀. Níbo ni ìṣekúṣe fẹ́ gbà wọlé níbẹ̀?

Ìgbà tí iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ gan-an lẹnu yà mí. Obìnrin yẹn fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí láti gìgísẹ̀ dé ìdí, ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó pa wọ́n mọ́ra láyà, ó tún nà wọ́n lọ sókè, ó fà mí lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó fà mí lẹ́sẹ̀ òsì, ó gbé mi yí. Mo ní, ọ̀nà wo ni mo ti gbà mọ nǹkan yìí? Àfìgbà tí ọkàn mi lọ sí kọ́rídọ̀ ilé wa. Mummy, ẹ̀yin ni! Bí ẹ ṣe máa ń ṣe gbogbo ọmọ tuntun tí wọ́n bá bí ní àdúgbò nìyẹn, tí ẹ ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ ó fi àdí ra ọmọ lára, tí ẹ ó pa apá ẹ̀ mọ́ àyà, tí ẹ ó fà á gùn, tí ìyá ọmọ á máa wò yín bíi pé ẹ fẹ́ já a. Ìwẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ mí! Ọmọ ogójì ọdún ó dín díẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ mí bí ọmọ ìkókó. Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu, obìnrin náà rò pé ibi tó fọwọ́ kàn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó dúró.

Nígbà míì wọ́n á di ewé sínú aṣọ funfun, ewé tíì, ata ilẹ̀ pupa, káfúrà, wọ́n á gbé e sórí omi tó ń hó, wọ́n á wá máa fi í tẹ ni. Ó jọ bí ẹ ṣe ń fi táwẹ̀lì gbígbóná tẹ ìyá ọlọ́mọ níkùn, tó ń ké pé ẹ fẹ́ pa òun. Plọ́ì ní láyé àtijọ́, abiyamọ tiwọn náà máa ń sùn ti iná lẹ́yìn ìbímọ. Kódà wọ́n ń dúró lé ni lẹ́yìn, bí àwọn alábàárù Mile 12 ṣe máa ń dùbúlẹ̀ sórí àpò òfìfo lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀rẹ́ wọn á gun wọ́n lẹ́yìn. Mo kàn ń bi ara mi léèrè ṣáá: ta ló kọ́ wọn? Ta ló kọ́ ẹ̀yin? Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí.

Èyí ni mo sọ nínú gúrúùpù àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí. Gbogbo wọn ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, hòtẹ́ẹ̀lì sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn. Mo wá ya fọ́tò níwájú ilé inú kọ̀rọ̀ yẹn, mo júwe ọ̀nà ẹ̀, mo ní kí wọ́n lọ síbẹ̀. Òun ni ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, tí ẹni yẹn fi ránṣẹ́ sí Mummy Ìbejì. Ìpolówó ọjà ọlọ́jà ni mò ń ṣe, wọ́n ní ọjà ni èmi fúnra mi.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àgbàlagbà kan wà nínú ilé yẹn, Páà Nọ́ì. Páà ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá ju ìyá ẹni lọ. Irun wọn funfun ju tiyín lọ. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń fọ ẹsẹ̀ oníbàárà. Níjọ́ àkọ́kọ́ tó kan èmi àti Páà, wọ́n gbé bàsíà omi wá, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú mi, wọ́n na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Mummy, ṣé ọmọ tí ẹ tọ́ lè jókòó kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ fún un? Mo fò dìde. Èmi náà kúnlẹ̀. Mo di bàsíà mú, mo ní ká má rí i, Páà náà ò fi í sílẹ̀, omi dà sílẹ̀, àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ à ń fa bàsíà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ọ̀gá wọn sáré jáde. Ó wo ojú mi, ó wo Páà, ó sọ̀rọ̀ kan, Páà dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn gbogbo àwọn yòókù. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n fi rọ́pò wọn fún mi. Mo rò pé mo ti ṣe ẹ̀tọ́, mo ti bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Nígbà tí mo ròyìn ẹ̀ fún Plọ́ì, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní títò ni wọ́n ń tò gba oníbàárà níbẹ̀. Ó ní gbogbo wọn ló rò pé mo kọ Páà nítorí pé wọ́n ti darúgbó, èyí tí mo sì ṣe yẹn ti dá wọn padà sẹ́yìn títò. Ó ní wọn ò kúnlẹ̀ kí n lè di ọ̀gá wọn o, iṣẹ́ wọn ló bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Mo padà lọ. Páà gan-an ni mo bèèrè, mo fi ìka tọ́ka sí wọn kí gbogbo ilé lè rí i. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀. Mummy, mo di ojú, mo di ẹnu, mo ní Olúwa, dárí jì mí, má jẹ́ kí ìyá mi rí mi. Ọwọ́ wọn gbóná, ó nípọn, wọ́n rọra ń fọ àárín ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹkún ti dé. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Mummy, láti ìgbà tí ẹ ti dì mọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú, ọwọ́ àgbà kankan ò kàn mí. Àwọn ọmọdé ń fà mí láṣọ, ọ̀rẹ́ ń bọ̀ mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè bí mi gbé ọwọ́ lé mi kó sì fi í síbẹ̀, kò sí. Ìlú yìí dáa, owó oṣù ń wọlé, wọn ò fìyà jẹ mí. Àmọ́ mo lè wọ yàrá lọ́jọ́ Fúráìdeè kí n má gbúròó èdè mi títí di Mọ́ńdè. Páà ò bi mí léèrè ohun tí mò ń sunkún lé. Wọ́n ṣáà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lẹ́yìn títí mo fi dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fún mi ní tíì ata ilẹ̀, wọ́n sì jókòó tì mí. Èdè wọn tó wà lẹ́nu mi kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn yé mi. Wọ́n ní ṣé ìyá mi wà láyé. Mo ní wọ́n wà. Wọ́n ní ìgbà wo ni mo gbọ́ ohùn wọn kẹ́yìn.

Mo ní àná ni.

Mo purọ́ fún àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹsẹ̀ mi tán. Wọ́n mi orí, wọ́n tún fọwọ́ kan èjìká mi, wọ́n ní ìyẹn ya àwọn lẹ́nu, nítorí ara ẹni tó gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ lánàá kì í le tó báyìí.

Nítorí náà, Mummy, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ fẹ́ràn ilé màsáàjì. Mi ò ní kí ẹ lọ bá Mummy Ìbejì jà. Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ ní mo ṣe àmín sí àdúrà wọn. Lọ́jọ́ Sunday, bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ẹ ti bọ́ gèlè, màá pè. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Bí ẹ bá fẹ́ pariwo, ẹ pariwo, mi ò ní fèsì. Ohùn yín ni mo fẹ́ gbọ́.

Ẹ bá mi kí Daddy, kí wọ́n rọra pẹ̀lú irin wíwúwo. Ẹ bá mi kí aránṣọ tó ń gbọ́ lẹ́tà yìí, ẹ kí Fẹ́mi, ẹ kí gbogbo àwọn ìyá ọmọ tí ẹ ń bá wẹ ọmọ. Olúwa á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, ọwọ́ yín ò ní rọ, ojú ò ní tì yín láàárín ẹgbẹ́ yín nítorí mi láéláé. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, nínú ayọ̀ àti àlàáfíà.

Ẹ gbé e, bó bá ti dún.

Títílayọ̀, ọmọ yín síbẹ̀síbẹ̀.